Ohun Tí Ẹ̀rọ Jẹ

Ọ̀gá mi ló mú mi lọ ra ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí títí di òní, bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn a máa bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ o. Ẹni tí mo fi ọdún mẹ́fà sìn, tí mo ń pọnmi fún ìyàwó rẹ̀, tí mo ń bu omi sí búútà rẹ̀ kó tó lọ kírun, òun ló fà mí lọ́wọ́ dé iwájú ìsọ̀ onírinṣẹ́, tó nàka, tó ní, "Èyí ni kí o rà."

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni mo kọ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni mí, àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó ní góòlù nílé wa ju òrùka kan tí ìyá mi kì í bọ́ lọ́wọ́. Ọdún tí mo gba ìyọ̀ǹda, sójà ló ń ṣèjọba, ọjà òkè òkun sì ti gbówó lórí kọjá ohun tí ojú ń rí. Àwọn obìnrin tó máa ń ra góòlù tuntun tẹ́lẹ̀ kò rówó rà á mọ́. Èyí tí wọ́n jogún ni wọ́n ń kó wá, pé kí a yọ́ ọ, kí a fi ṣe ohun tó bágbà mu. Ìyẹn ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe tiwa. Tẹni ẹlẹ́ni ni. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá dára bí kí ni, tí wọ́n bá ti lè sọ ní ìlú pé ọwọ́ rẹ ò mọ́, kí o yáa ká irinṣẹ́ rẹ, kí o padà sóko.

Mẹ́ta ni gíráńdà kékeré tó wà nísọ̀ lọ́jọ́ náà. Gíráńdà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin o. Kékeré ni, èèyàn lè gbá a mú lọ́wọ́ kan bí ẹní mú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iná ló ń gbé e yí, ẹnu rẹ̀ a sì máa yí bírí débi pé ojú ò ní rí i mọ́. Òkúta róbótó, búrọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ lo máa kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó dọwọ́ ohun tí o bá fẹ́: bóyá o fẹ́ pọ́n nǹkan, bóyá o fẹ́ fín ọnà sí i lára, bóyá o fẹ́ dán an. Fáìlì àti sánpépà la fi kọ́ gbogbo ìyẹn lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òrùka kan ṣoṣo lè gbà mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, apá á sì máa ro mí bí ẹni tó gún iyán ìnáwó.

Èyí àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń fi í kọ́ ara ìṣó, ó ní rọ́bà gígùn tó so mọ́ ọn, ó sì ní pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á yí jẹ́jẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, á sáré. Mo gbọ́ iye rẹ̀, mo gbójú kúrò níbẹ̀. Èkejì kò ní pẹ́dà, àmọ́ ó ní ibi tí èèyàn ti ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹta ni aláwọ̀ yẹ́lò kan báyìí tí n kò mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Tán-an àti pa-á nìkan ló mọ̀. Wọ́n fi agolo òkúta kún un, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti èkejì.

Bàbá onírinṣẹ́ wo ojú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ góòlù lo fẹ́ fi ṣe, ra èyí tí wàá lè dín eré ẹ̀ kù, kódà bí o bá máa dúró di oṣù tó ń bọ̀. Yẹ́lò yìí, eré kan ló mọ̀. Igi àti irin ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn òkúta inú agolo yẹn náà le jù fún nǹkan tó rọ̀."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ tajà ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọbẹ̀ sísè, ṣé ẹran ìgalà ni yóò fi kọ́ ọ?"

Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ná ẹ̀rọ náà fún mi títí bàbá yẹn fi bínú, tó ní ká máa gbé e lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi lójú títì, mọ́tò ń kọjá. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò ní ohun tó burú láti sọ nípa pé kéèyàn fi irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, mo ṣì ń gba àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó mọ ibi tí ejò wà lójú ọ̀nà, tó ní kí o máa lọ, pé ọ̀nà mọ́.

Bàbá mi wá láti Imùṣin wá wo ẹ̀rọ náà. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní irin tó ń yí, ti Ògún ni, kò sẹ́ni tó máa sọ fóun pé kì í ṣe ti Ògún. Ó gbé obì sílẹ̀, ó sì fẹ́ da epo lé e lórí. Mo ní, "Bàbá, iná ló wà nínú ẹ̀ o, á gbé wa." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n, ó wá da epo náà sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ṣàdúrà pé kí ẹ̀rọ má ṣe dá ọgbẹ́ sí mi lára.

Ọjọ́ kejì ló dá ọgbẹ́ sí mi lára. Mo fi ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ kan ṣe ìdánrawò, mo dì í mú lọ́wọ́ òsì, mo tẹ òkúta mọ́ ọn bí mo ti máa ń tẹ fáìlì. Òkúta yọ̀, ó gé mi ní àtàǹpàkò. Òrùka tí mo tún fi gbìyànjú fò lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé kò yẹ kéèyàn fi agbára tẹ ẹ̀rọ. Òun ló ní agbára, tìẹ ni kí o rọra fi kàn án, kí o máa gbé e kiri, kí o má jẹ̀ẹ́ kó dúró lójú kan. Bó bá dúró lójú kan, kòtò ló máa gbẹ́. Mo wá ń fi ìda lẹ òrùka mọ́ orí igi kí n tó dì í mú, mo ra dígí ojú kí òkúta tó bá fọ́ má bàá fọ́ mi lójú, mo sì kọ́ bí a ti ń pa ẹ̀rọ kó sinmi nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, torí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ gbóná. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo lè dán òrùka láàárín ìgbà tí ìyá olóúnjẹ fi máa bu ẹ̀wà fún mi. Àwọn oníbàárà ń fi góòlù wojú ara wọn. Inú mi dùn jọjọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Góòlù tí fáìlì bá rẹ̀ sílẹ̀, orí awọ tí a ta sábẹ́ tábìlì ló máa ń já sí, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jọ, a ó yọ́ ọ padà mọ́ iṣẹ́. Ti ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fọ́n góòlù ká ni. Mo ń rí i lára ògiri, mo ń rí i lára kàlẹ́ńdà, mo ń rí i nínú tíì tí mò ń mu. Bí mo bá fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ń dán. Mo lọ bá ọ̀gá, mo rò fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀. Má da nǹkan kan nù. Gbá ilẹ̀, fi aṣọ tútù nu tábìlì àti ògiri, kó aṣọ náà mọ́ ọn, kó gbogbo ẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí o máa gbé e wá fún mi ní Jímọ́ọ̀-Jímọ́ọ̀. Ìwọ ò ní ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Màá fọ̀ ọ́ mọ́ tèmi, màá yọ tìẹ fún ẹ."

Gbogbo alágbẹ̀dẹ wúrà ló máa ń fọ erùpẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, àwa la máa ń sun ún níná, àwa la máa ń gún un, tí a ń jọ̀ ọ́, tí a ń pọnmi sí i. Tó bá wá ku fífọ̀ gan-an, ọ̀gá á fa kọ́tìnnì, á ní, "Ẹ lọ jẹun." Fún ọdún mẹ́fà, a lọ jẹun. N kò rò ó rí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Mo rò pé ó ń ṣàánú wa ni, pé ebi ń pa wá.

Ní Jímọ́ọ̀-Jímọ́ọ̀ ni mo ń gbé agolo lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á kó èyí tó rí nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, góòlù kan báyìí tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Á ní, "Ilẹ̀ ò ní nǹkan nínú, ọmọ mi, èérí ló pọ̀ níbẹ̀." Màá dọ̀bálẹ̀, màá dúpẹ́. Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí mò ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn, tí mò ń fi ọwọ́ ara mi gbé e, tí mo tún ń dúpẹ́. 

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn oníbàárà mélòó kan ti ń sọ ọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ pé góòlù àwọn fúyẹ́. Mo ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ti kọ́ mi: mo ní iná ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe irọ́. Gbogbo obìnrin tó bá ti ń lo góòlù ní Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé bí a bá yọ́ góòlù, iná á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ iná ni, kò sẹ́ni tó ń bá iná jà. Wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì gbà.

Ìgbà náà ni ìyá àfẹ́sọ́nà mi gbé góòlù tirẹ̀ wá.

Opó ni, Ibẹfun ló ń gbé, gààrí ló ń tà. Góòlù tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló dì sínú áńkáṣíìfù: ẹ̀gbà ọrùn kan tó nípọn, ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, yẹtí tí ọ̀kan ti kán. Ó ní kí n yọ́ gbogbo rẹ̀, kí n fi ṣe èyí tí ọmọ òun máa lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ní, "Góòlù ọmọ mi, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ti jáde. Ta ló tún ní irú ẹ̀?" Àfẹ́sọ́nà mi jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òṣùwọ̀n mi wà lórí tábìlì. Bí èèyàn bá gbé góòlù wá, ojú rẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́, bó bá sì wá gbà á, ojú rẹ̀ la tún ti ń wọ̀n ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn. Mo rí i tí ìyá náà gbójú wo òṣùwọ̀n. Mo sì gbé e kúrò. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé iwájú ìyá ìyàwó ẹni ló yẹ ká gbé òṣùwọ̀n sí? Ṣé ẹ̀yin àti èmi ò gbára wa gbọ́ ni?" Inú rẹ̀ dùn, ó ṣàdúrà fún mi títí. Èmi náà wú bí àkàrà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yẹ kí n wọ̀n ọ́ fún ara mi. Ojú tì mí. Mo rò ó pé bí mo bá wọ̀n ọ́ lẹ́yìn wọn, mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi di irọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ wo òmùgọ̀.

Òun kì í ṣe òmùgọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti wọ̀n ọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. N kò bá a wí. Ìjẹ̀bú ni, ó sì jẹ́ opó.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, n kò sì ṣe irú rẹ̀ rí. Mo fín ewé sí ẹ̀gbà ọrùn náà lára, ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣan rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa yẹ́lò yẹn ni mo lò síbẹ̀. Mo fi òkúta pọ́n ọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo fi aṣọ dán an títí ó fi ń mú ojú. Jímọ́ọ̀ bọ́ sáàárín, n kò lè gbé agolo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo gbé e lọ sí Ibẹfun fúnra mi. Ìyá náà so ó mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, ó jó kékeré níwájú ilé, ó sì pe aládùúgbò wá wò ó.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àwọn méjèèjì fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé àga, wọn ò jókòó. Ìyá náà ní, "Kí lo fi góòlù ìyá mi ṣe?"

Ó sọ fún mi pé òun wọ̀n ọ́ kóun tó gbé e wá, òun sì ti tún un wọ̀n lọ́dọ̀ ẹni kan náà. Gíráàmù mẹ́rin ló ti dín, ó tún lé díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iná ló jẹ ẹ́. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ohun tí iná ń jẹ. Ìyá mi yọ́ góòlù, èmi náà yọ́ góòlù. Iná kì í jẹ tó báyìí."

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, Mọ́mì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń dán an ló ń fọ́n ọn ká."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ti wá ń jẹ góòlù?" Ìyá rẹ̀ wá ní bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bá wá sọ́dọ̀ òun, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun á gbà, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ń jalè, àgàgà ẹni tó ń ja ìyá ìyàwó rẹ̀ lólè.

Ẹ̀rù ò bà mí, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Mo ní ọ̀gá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ bá a, mo sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fetí sílẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Lọ́la, èmi àti ìwọ la ó jọ lọ."

A jọ lọ ní tòótọ́. Ó wọ jálàbíà funfun, ó dé fìlà. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi tẹ́ nǹkan sórí àga fún un, ó bu omi tútù. Mo dúró kí ọ̀gá mi máa ṣàlàyé. Ọ̀gá mi ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹni tó lè bí obìnrin náà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ bá wa fojú fò ó. Ọmọdé ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ ti ẹ̀rọ fún wọn." Ìyá náà sáré gbé e dìde, ojú tì í pé àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ fóun. Ó wá bi í pé, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ máa ń jẹ góòlù?"

Ọ̀gá mi gbọn eruku kúrò lórúnkún. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí o, Ìyá. N kò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ ṣáà dárí jì í."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí àgbà bá ti bá ọ bẹ̀bẹ̀, o ti jẹ̀bi nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ lójú àna mi pé ọ̀gá mi ń purọ́, mo di olè, mo tún di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo wà ní ìdọ̀bálẹ̀ tèmi níbẹ̀, ìyá náà sì ní òun ti gbọ́, kí a fún òun láyè ronú. Nínú mọ́tò, ọ̀gá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ ló ń tán ọ̀rọ̀." Èyí tó dùn mí jù ni pé mo gbèjà rẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo ní bóyá kò mọ̀ lóòótọ́, torí fáìlì ni àwọn àgbà fi ń ṣiṣẹ́. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a sọ̀.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, agolo mílíìkì wà lábẹ́ tábìlì. Erùpẹ̀ iṣẹ́ ìyá náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, torí n kò tíì gba iṣẹ́ mìíràn. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo wá sọ fún ara mi pé lónìí, n kò ní lọ jẹun.

Mo sun aṣọ àti erùpẹ̀ náà lórí èédú títí ó fi di eérú. Mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì fa gbogbo irin inú rẹ̀ jáde. Mo dà á sínú àwo tánganran, mo bu omi sí i, mo ń yí i po, mo ń da omi ẹlẹ́rọ̀fọ̀ nù díẹ̀díẹ̀, mo ń bu òmíràn sí i. Kò le. Ìyá mi ń fọ ìrẹsì lọ́nà tó le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí omi mọ́, mo rí i nísàlẹ̀ àwo, ó tò bí iyanrìn kíkúnná, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo dà á sínú ìkòkò amọ̀, mo yọ́ ọ, ó sì di ẹyọ kan. Mo gbé e lórí òṣùwọ̀n. Ó dín díẹ̀ ní gíráàmù mẹ́rin.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Agolo kan nìyẹn. N kò mọ iye agolo tí mo ti gbé fún un láti ọdún tó kọjá, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ló wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà: ìdí tó fi jẹ́ yẹ́lò, ìdí tó fi jẹ́ òkúta tó le jù, ìdí tó fi fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ bàbá onírinṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kò ní da góòlù sílẹ̀ fún un. Kò yan ẹ̀rọ fún mi nítorí pé n kò lówó. Oko ló fi mí dá. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń mu tíì. Mo kí i, mo gbé góòlù náà sórí tíréè rẹ̀. Mo ní, "Inú agolo kan ṣoṣo ni, ọ̀gá."

Ó wò ó pẹ́. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní fífọ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ní n kò wá bá a jà, n kò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn agolo tó ti lọ, kó máa jẹ ẹ́. Mo ní kó ṣáà tẹ̀ lé mi padà sí Ibẹfun, kó sọ òtítọ́, kí wọ́n má bàá pè mí ní olè. Ó ní wọn kì í tutọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tún padà lá a. Ó ní ọdún mẹ́fà lòun fi bọ́ mi. Mo ní ọdún mẹ́fà lèmi náà fi sìn ín. Ó ní, "Ó dáa. A ò jẹra wa." Mo ní Ọlọ́run á bi í. Ó ní, "Àmín," bí ẹni tí wọ́n ṣàdúrà fún, ó sì ki búrẹ́dì bọ tíì.

Mo mú góòlù náà kúrò lórí tíréè, mo fi bébà wé e, èmi nìkan ni mo sì lọ sí Ibẹfun. Mo sáré ju mọ́tò tó gbé mi lọ. Mo ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ni mo tún fẹ́ fi ọ̀gá ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo tú bébà, mo fi góòlù náà hàn án. Mo sọ ti erùpẹ̀, mo sọ ti agolo, mo sọ bí mo ti sun ún àti bí mo ti fọ̀ ọ́, n kò fi nǹkan kan pa mọ́. Àfẹ́sọ́nà mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́.

Ìyá náà gbé góòlù náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbọ̀n ọ́n wò. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ kó pé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Èyí tó kù ni iná jẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Alhájì ò purọ́ nígbà náà. Ó wà lọ́wọ́ ẹ látọjọ́ yìí."

Mo ní inú erùpẹ̀ ni mo ti fọ̀ ọ́ jáde. Mo tún un sọ. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ká ní ó bú mi, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Àánú mi ló ń ṣe é. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti bá ẹ bẹ̀bẹ̀. A kì í bá ẹni tí kò mú nǹkan bẹ̀bẹ̀. O ti dá a padà, ọpẹ́ ni. Mi ò ní sọ ọ́ síta." Ó di góòlù náà sínú áńkáṣíìfù, ó ta á ní kókó.

Mo yíjú sí àfẹ́sọ́nà mi. Ọdún méjì la ti jọ ń sọ̀rọ̀, ó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti gbọn eruku ẹ̀rọ yẹn kúrò lórí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé òun á mọ̀. Mo dúró kó sọ ohunkóhun fún ìyá rẹ̀.

Ó wo áńkáṣíìfù yẹn, kó tó wojú mi. Ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo wọ bàtà mi, mo sì jáde.